"Inflammable" kò túmọ̀ sí ohun tí kì í jóná

Ó tún ti dé. Ọmọ àbúrò mi gbé ìwé iṣẹ́ iléèwé rẹ̀ wá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí tíṣà ní kí wọ́n dà kọ láti ojú pátákó ni mo ti rí i: "flammable", ohun tó lè jóná, "inflammable", ohun tí kò lè jóná. Báírò pupa tíṣà sì ti kọjá níbẹ̀, ó ní ọmọ gbà á. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó jáde yunifásítì, mo tilẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá kan tó ń ta epo mọ́tò. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Irọ́ ni, kò sí ibòmíràn tí a ó gbé e gbà. Ohun kan náà ni "inflammable" àti "flammable" ń sọ: ohun tó máa ń tètè gbiná. Èyí tí kì í gbiná, "non-flammable" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ṣebí "in-" ló wà níwájú "incorrect" àti "incomplete", tó sì sọ wọ́n di òdì. Òótọ́ ni. Ṣé òdì wá ni ti inú "income"? Ṣé ẹni tó "inflate" táyà ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán ni? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Látìn ni. Ahọ́n iná ni "flamma" lédè náà, "inflammare" sì ni kí a ti iná bọ nǹkan, kí ó máa jó. "Sínú" ni "in-" tó wà níbẹ̀ ń sọ, kì í ṣe "kì í". Láti ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí "inflame". Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá wo ojú egbò tó wú, tó pọ́n, tó ń gbóná, tó ní "inflammation" ni, kò sẹ́ni tó máa rò pé ara egbò náà ti tutù. "Inflame" yìí gan-an ni wọ́n fi "-able" kún ìdí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣì í kà ti gé ọ̀rọ̀ náà síbi tí kò yẹ: wọ́n yọ "in" sọ́tọ̀, wọ́n wá rò pé "flammable" ló ṣẹ́kù tí wọ́n ń kọ̀.

Ohun tó sì yẹ kó parí àríyànjiyàn nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 17 ni "inflammable" ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. "Flammable" kò yọjú títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19. Nǹkan bí 200 ọdún ni èkíní fi ṣáájú èkejì. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe máa jẹ́ òdì ọ̀rọ̀ tí kò tíì sí láyé?

Ẹni tí kò bá gbà, kó kọjá Sẹ̀mẹ̀, kó bi àwọn èèyàn wa ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu, àwọn tó fi Faransé kàwé. Lẹ́tà kan kò yàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń kọ "inflammable" lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó ń gbiná ni, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan kì í gbiná, wọ́n á tún fi "in" mìíràn ṣáájú rẹ̀, á wá di "ininflammable". "Inflamável" tí wọ́n ń kọ ní Brazil àti "inflamable" tí wọ́n ń kọ ní Cuba, ohun tó ń gbiná náà ni.

Ṣùgbọ́n kí ni mo tilẹ̀ ń lọ sí Cuba ṣe? Ẹ dúró létí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí ẹ wo ẹ̀yìn àwọn táńkà epo. "Highly inflammable" ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá. Epo bẹntiróòlù ló wà nínú rẹ̀, epo tí oru ara rẹ̀ lè gbiná bí òtútù bá tilẹ̀ lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kẹrosíìnì tí wọn kò lú ní láti gbóná dé nǹkan bí 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oru rẹ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rántí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní oṣù kẹfà ọdún 2018, tí ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná nítorí táńkà kan ṣoṣo, ṣé ara irú táńkà bẹ́ẹ̀ lèèyàn máa kọ ọ́ sí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í jóná rárá?

Ìdí tí inú fi ń bí mi kì í ṣe nítorí máàkì ìdánwò. Ọ̀dà ni mò ń tà. Tínà àti gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà kún ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ọ̀pọ̀ agolo náà. Mo ti bá ọmọ iṣẹ́ kan, nínú àwọn tó ń fín ọ̀dà sí mọ́tò, níbi tó jókòó ti kẹ́ẹ̀gì tínà tó fẹ́ ṣáná sí sìgá. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó nawọ́ sí ara kẹ́ẹ̀gì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í jóná." Mo gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó jáde girama ni o! Ẹni tí kò mọ̀wé ì bá gbọ́ òórùn tínà yẹn, ì bá sì jìnnà sí i. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì ló fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ síbi tó yẹ kí àyà rẹ̀ já.

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà lè ṣi èèyàn lọ́nà, àwọn tó ni èdè pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín 1920 sí 1930, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìdáàbòbò kúrò lọ́wọ́ iná ní Amẹ́ríkà, National Fire Protection Association, ti ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa lo "flammable". Ní 1959, British Standards Institution, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ọjà, náà sọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú Ọba. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní ìtumọ̀ "inflammable" ti yí padà. Wọ́n kàn ń bẹ̀rù pé ẹnìkan á ṣì í kà, á sì kú ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ọ̀rọ̀ òdì tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá béèrè òdì "inflammable", "non-flammable" ni kí wọ́n kọ. "Non-inflammable" náà tọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìkìlọ̀ sára nǹkan fúnra yín, "flammable" ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ Yorùbá sí abẹ́ rẹ̀. Èmi ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi: Ó MÁA Ń GBINÁ.