Irọ́ ni pé mọ́tò ẹni ló ń tètè dé Èkó

Ọkùnrin kan tún sọ ọ́ níṣojú mi ní sọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Owódé, ní Ọ̀yọ́ níbí: "Ta ló máa lọ jókòó de rélùwéè ní Moníyà? Mọ́tò ẹni ló ń gbéni dé ẹnu ilẹ̀kùn." Gbogbo ará ibẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú wa, wọ́n ti tú u palẹ̀. Ó jù mí lọ dáadáa, mi ò bá a jiyàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Rélùwéè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi wá sílẹ̀ lóòótọ́. Láti Ìbàdàn, ó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, kò kan Ọ̀yọ́, kò kan Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣí láti Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Moníyà ní Ìbàdàn ló parí sí. Ẹni tó bá ti Ọ̀yọ́ ń bọ̀, tó kọjá Fìdítì àti Ìròkò, Moníyà ni yóò kàn kó tó dé Òjóò. Ará Mọ̀lété ló lè ráhùn pé ibẹ̀ jìnnà. Àwa kọ́.

Láti Moníyà dé Alágoméjì, ibi tó ń já sí l'Ékòó, jẹ́ nǹkan bíi 157 kìlómítà, bó bá sì ti gbéra, kì í sábà pé wákàtí mẹ́ta. Ọkọ̀ ojú irin ò mọ Mówe, kò mọ Ìbàfò, kò mọ Bẹ́gà. Àwọn onímọ́tò máa ń sọ pé wákàtí méjì ààbọ̀ làwọn fi dé Èkó láti Ọ̀yọ́. Lọ́jọ́ wo? Ní ìdájí ọjọ́ Sọ́ńdè ni! Ẹ ní kí wọ́n sọ ti ọjọ́ Mọ́ńdè tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ dá wọn dúró lórí márosẹ̀, wọn ò ní rántí.

Wọ́n á ní, "Tó o bá sọ̀ ní Alágoméjì ńkọ́?" Ibẹ̀ gan-an ni kẹ̀kẹ́ ológeere ti wúlò. Tèmi ṣe é ká. Ìdè kan wà láàárín igi rẹ̀, tí mo bá ti tú u, á ká sí méjì, ọwọ́ rẹ̀ á wálẹ̀, màá kì í sínú báàgì Ghana Must Go, ó di ẹrù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wọ bùùtù ọkọ̀ láti Owódé. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ l'Ékòó, kí àwọn èrò tó bá onímárúwá dúnàá dúrà tán, mo ti ń lọ ní Yábàá. Ibi tí ẹsẹ̀ ń fi wákàtí kan rìn, kẹ̀kẹ́ ò ju 20 ìṣẹ́jú lọ.

"Kẹ̀kẹ́ tálákà" kẹ̀? Ní Utrecht, ní Netherlands, ibi ìgbé-kẹ̀kẹ́-sí tó gba 12,500 kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́ sábẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè, wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 2019. Ti Amsterdam, abẹ́ omi ni wọ́n gbé e sí ní 2023, ó gba 7,000. Kẹ̀kẹ́ orílẹ̀-èdè náà ju èèyàn ibẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ mọ́tò wà nílé wọn. Ẹni tó bá ní oòrùn ni kò jẹ́ kó ṣe é ṣe níbí, kó lọ wo Japan lásìkò ooru. Kẹ̀kẹ́ kún ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ wọn.

Ti owó, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí ìjọba ní kí wọ́n ta jálá bẹntiróò kan kò tó 200 náírà. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000. A ò tíì ka ọ́ìlì àti táyà, a ò sì dárúkọ mẹkáníìkì.

Ó dáa, rélùwéè náà kì í rìn lemọ́lemọ́, ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ á jókòó. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà lẹ́jọ́ láti rò, pẹ̀lú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ. Ẹni tó bá kó ọmọ àti ẹrù dání, kó wa mọ́tò rẹ̀. Ẹ má sì gun kẹ̀kẹ́ gba Third Mainland o, mi ò rán yín.

Ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó ń ká, kó rántí tíúbù. Táyà rẹ̀ kéré, tíúbù rẹ̀ ò wọ́pọ̀ ní Ọ̀yọ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ ra méjì.