Kì í ṣe sire bond ló mú Elena fẹ́ Damon

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Bàsírì, níhìn-ín ní Adó. Ọmọbìnrin kan tó ń dúró kó kàn án ń wo The Vampire Diaries, eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kan, lórí fóònù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì na ọrùn bá a wò ó. Wọ́n dé ibi tí Elena ti ń sọ fún Damon pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ bá pòṣé: "Kì í ṣe ojú rẹ̀ o jàre. Sire bond yẹn ni." Ìdè ẹ̀jẹ̀ kan nínú eré náà ló ń sọ. Ìyá onídìrí, tí kò wo eré náà rí láyé, gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Wọ́n ti fún un jẹ nìyẹn." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi orí. Mo gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ó ti sú mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní Ìwòròkò, tí àwa ọmọ yunifásítì ń há ara wa mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kí bátìrì rẹ̀ tó kú, ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yìí. Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní 10 September 2009, ó sì parí ní 10 March 2017. Apá 8 ni, ẹ̀písóòdù 171. Ẹni tó bá wò ó dé ìparí tó ṣì ń sọ pé wọ́n de Elena ni, kò wò ó dáadáa.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: Elena Gilbert jẹ́ ọmọ ilé ìwé ní Mystic Falls, ìlú tí wọ́n fi inú rò sí ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Salvatore, fáńpáyà (òkú tó jí dìde tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn) làwọn méjèèjì, ń dù ú. Stefan ni àbúrò, òun ni Elena kọ́kọ́ fẹ́. Damon ni ẹ̀gbọ́n, òun ni aburú. Ní ìparí apá 3, mọ́tò tó gbé Elena já sínú odò lórí afárá Wickery, ó kú sómi pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ Damon lára rẹ̀, ó sì jí dìde ní fáńpáyà. Ní apá 4 ni wọ́n wá rí i pé ìdè kan wà láàárín òun àti Damon tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, pé ohun tí Damon bá ní kó ṣe ló máa ń wù ú láti ṣe. Ìdè yẹn ni wọ́n ń pè ní sire bond. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn jókòó sí, wọn ò dìde mọ́.

Àwọn tó ń dárúkọ ìdè yìí jù ni kò rántí òfin rẹ̀. Nígbà tí Damon àti Stefan lọ wádìí rẹ̀ ní New Orleans, wọ́n bá Charlotte pàdé, obìnrin tí Damon ti sọ di fáńpáyà láyé ìgbà ogun àgbáyé kejì. Damon ní kó lọ ka gbogbo bíríkì tó wà lára ilé ìlú náà, láti ọjọ́ yẹn ló sì ti ń kà á. Àlàyé tí wọ́n rí gbà níbẹ̀ ni pé ìdè náà kì í mú ẹni tí kò ní ìfẹ́ nínú tẹ́lẹ̀. Kó tó di pé ẹnìkan di fáńpáyà ni yóò ti nífẹ̀ẹ́ ẹni tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un kà. Ìfẹ́ ló ṣáájú, ìdè ló tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ní sire bond ló bí ìfẹ́ Elena ti fi ọmọ ṣe ìyá.

Ìdè náà kò sì pẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Jeremy àbúrò rẹ̀ kú, Damon ní kó pa súwíìṣì ọkàn rẹ̀, èyí tí fáńpáyà lè fi pa ìmọ̀lára rẹ̀, kí ìbànújẹ́ má bàa gbé e lọ. Elena pa á, ó dáná sun ilé wọn, ó sì di ẹni tí kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó pa ọkàn rẹ̀ náà ló gé ìdè. Damon fúnra rẹ̀ rí i pé àṣẹ òun kò mú un mọ́. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ padà, ìdè kò bá a padà. Ẹ̀yìn èyí, ní ẹ̀písóòdù tó kẹ́yìn apá 4, ló dúró níwájú Damon tó ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Apá 4 tí wọ́n ń tọ́ka sí náà ni mo ń tọ́ka sí yìí o.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló lágbára jù lọ́wọ́ mi.

Fáńpáyà inú eré yìí lè wo èèyàn lójú kó pàṣẹ pé kó gbàgbé nǹkan, ẹni náà yóò sì gbàgbé pátápátá. Compel ni àwa tó ń wò ó ń pè é. Ẹ bá mi wo iye ìgbà tí wọ́n fi agbára yìí wọ orí Elena nítorí Damon. Àkọ́kọ́ ni alẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ kú. Damon pàdé rẹ̀ lójú títì, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa irú ìfẹ́ tí Elena ń fẹ́, Damon sì mú un kúrò lórí rẹ̀. Elena kò tíì mọ Stefan nígbà yẹn. Ìkejì wà ní apá 2. Damon wọ yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì ọrùn tí Stefan fún un, èyí tí ewé vervain wà nínú rẹ̀, ewé tí kì í jẹ́ kí àṣẹ fáńpáyà ran èèyàn. Kó tó fi ṣéènì yẹn sí i lọ́rùn, ó jẹ́wọ́ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé òun kò yẹ fún un, àbúrò òun ló yẹ, ó sì mú kó gbàgbé pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta wà ní apá 6. Elena rò pé Damon ti kú, ìbànújẹ́ fẹ́ sọ ọ́ di wèrè, ó bẹ Alaric, tíṣà rẹ̀ àtijọ́, kó bá òun yọ ìfẹ́ Damon kúrò nínú òun. Alaric ti di fáńpáyà irú tó lè pàṣẹ fún fáńpáyà ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ó yọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà, Damon ni agbára yẹn ń mú kúrò. Wọn kò pàṣẹ fún un rí pé kó fẹ́ràn Damon. Oògùn ìfẹ́ tí àwa mọ̀ nílẹ̀ wa máa ń fi ẹnìkan síni lọ́kàn ni. Èyí tí wọ́n lò fún Elena ń yọ ẹnìkan ni. Síbẹ̀ Damon ni àwọn èèyàn sọ pé ó jẹ àǹfààní rẹ̀!

Kí Alaric tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ó ní kí Elena rántí ọjọ́ gan-an tó kọ́kọ́ mọ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ Damon, nítorí ibẹ̀ lòun yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Elena kò fẹ́ sọ ọ́, ojú ń tì í, nítorí Stefan ló ń fẹ́ lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ó jẹ́wọ́ níkẹyìn. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé ọmọ ọdún 18 ni, nígbà tí Damon mú ṣéènì ọrùn rẹ̀ padà wá fún un. Ìbẹ̀rẹ̀ apá 3 nìyẹn. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, kò tíì kú, kò sí ẹ̀jẹ̀ Damon tó sọ ọ́ di nǹkankan. Odindi apá kan ṣì kù kó tó já sódò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wo ẹ̀písóòdù yẹn, mo dá a dúró, mo padà lọ wo ọjọ́ ìbí yẹn ní apá 3. Ó wà lójú rẹ̀. Gbangba ni.

Ohun tó sì tẹ̀lé e: Damon padà wá. Elena kò rántí ìfẹ́ kankan, ìwà ìkà Damon nìkan ló kù sí i lórí. Alaric ti di èèyàn padà, kò lè dá ohun tó mú padà mọ́. Elena fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ó kọjá ààlà Mystic Falls níbi tí idán ti ń bọ́ lára èèyàn, bóyá òun á rí ohun tó sọnù. Kò rí i tán. Síbẹ̀ ó tún padà fẹ́ ọkùnrin náà. Lẹ́yìn èyí ló mu oògùn tó ń sọ fáńpáyà di èèyàn. Oògùn náà fọ gbogbo idán kúrò lára rẹ̀, ìrántí rẹ̀ padà, ó di ọmọ èèyàn bí èmi àti ẹ̀yin, Damon náà ló dì mọ́. Ìdè wo ló kù?

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ "wọ́n ti fún un jẹ" yìí ti ń wá. Ilẹ̀ Jimoh Aliu, eléré ọmọ Òkèmẹ̀sí, la wà. Eré ọlọ́fọ̀ àti olóògùn la fi gbọ́njú níwájú tẹlifíṣàn, bí obìnrin inú irú eré bẹ́ẹ̀ bá sì yí ọkàn padà lójijì, oògùn ni. Kevin Williamson àti Julie Plec, àwọn tó gbé eré ti Elena kalẹ̀, kò kọ ọ́ báyẹn.

Mo sì ti rí i láìsí tẹlifíṣàn. Àbúrò ìyá mi kan ní Ìkẹ́rẹ́ kọ tíṣà tí gbogbo mọ̀lẹ́bí fẹ́, dírẹ́bà kan tó ń ná Ìkẹ́rẹ́ sí Adó ni wọ́n ní àwọn máa fẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹbí ní ọkùnrin náà ti fún wọn ní nǹkan jẹ. Wọ́n gbé àǹtí mi lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n gba omi fún wọn, wọ́n rán wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Àkúrẹ́ kí oògùn náà lè gbó lára wọn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tí àǹtí mi padà dé, ilé dírẹ́bà yẹn ni wọ́n gbà lọ. Títí di òní, ibẹ̀ ni wọ́n wà, ọmọ wọn àgbà sì ti ń lọ yunifásítì. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ti gbọ́njú, mo wà nínú ilé, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè pé kí ni ẹ rí lára ọkùnrin yìí. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Elena. Ẹni tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni obìnrin yàn, a sì ti gba ọkàn rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n á ní Damon burú. Ó burú, ta ló jiyàn? Ó ṣẹ́ Jeremy lọ́rùn, ó lo Caroline ọ̀rẹ́ Elena bó ṣe wù ú, ó pa Lexi ọ̀rẹ́ Stefan. Èyí lè jẹ́ kí ẹ sọ pé Elena kò gbọ́n. Kò sọ pé wọ́n dè é. Stefan tí ẹ sọ di ańgẹ́lì ńkọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ripper nítorí bó ṣe ń fa èèyàn ya? Ní apá 3, ó fún Elena ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ mu tipátipá, ó wa mọ́tò bí ẹni fò lọ sórí afárá tí àwọn òbí ọmọ náà kú sí, kó lè fi dẹ́rù ba Klaus, ọ̀tá rẹ̀.

Wọ́n á tún ní Stefan ni Elena yàn lórí fóònù nígbà tó ṣì jẹ́ èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó sọ fún Damon lórí fóònù yẹn kan náà pé bóyá ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀ ká ní àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ pàdé. Àwọn ló kọ́kọ́ pàdé! Wọ́n ti mú un kúrò lórí rẹ̀ ni. Ìgbà tó di fáńpáyà ni ìrántí méjèèjì yẹn padà sí i. Kó tó dìgbà yẹn pàápàá, ó ti fẹnu ko Damon lẹ́nu ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Denver, kò sẹ́ni tó ti i.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ sùn ní apá 4, nígbà tí ìdè ṣì wà, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìdè náà kò ti Elena díẹ̀. Alẹ́ yẹn nìyẹn. Mi ò ní fi í ṣòfin fún ọdún tó tẹ̀lé e.

Ní ìparí apá 6 ni Nina Dobrev, tó ṣe Elena, fi eré sílẹ̀, wọ́n sì fi Elena sínú oorun tí wọ́n so mọ́ ẹ̀mí Bonnie ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìparí apá 8 ló tó jí. Stefan ni oògùn tó ń sọni di èèyàn wà lára rẹ̀ nígbà yẹn. Ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún Damon, ó sì lọ kú dípò rẹ̀. Stefan yìí ló bá Damon lọ sí New Orleans, òun ló gbọ́ òfin ìdè náà pẹ̀lú etí ara rẹ̀, òun sì ni Elena fi sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá lẹ́tọ̀ọ́ láti ké pé wọ́n de ọmọbìnrin yìí ni, òun ni. Ẹ̀mí rẹ̀ ló fi sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè bá a gbé. Elena di dókítà, òun àti Damon jọ darúgbó. Ẹni tó bá tún fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ sọ fún mi bí ìdè ẹ̀jẹ̀ fáńpáyà ṣe wà láàárín èèyàn méjì tí kò sí fáńpáyà nínú wọn.