Kì í ṣe ọ̀gá ni wàhálà iṣẹ́ ń pa jù

Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan bá ṣubú lulẹ̀ nínú ọ́fíìsì, kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn ni gbogbo ènìyàn ti mọ ohun tó ṣe é: "Ìrònú ti pọ̀ jù fún un. Wàhálà iṣẹ́ ni." Ó ti mọ́ wa lára láti máa sọ pé àìsàn àwọn ẹni ńlá ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn, pé bí ipò bá ṣe ń ga ni másùnmáwo ń pọ̀. Mẹ́sẹ́ńjà tó ń gbé fáìlì kiri ńkọ́? A ní tiẹ̀ sàn, kò ní ohun tó ń rò, bó bá ti dé ilé, ó di kó sùn.

Irọ́ ni. Kì í sì í ṣe pé ó yẹ̀ díẹ̀ o, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹ̀rí rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó sì ń dùn mí pé a ṣì ń tún irọ́ náà pa, nítorí ó ń jẹ́ ká máa káàánú ẹni tí kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ká sì máa gbójú fo ẹni tó ń kú lọ.

Mo mọ ìdí tó fi dà bí òótọ́. Ikú ọ̀gá máa ń hàn. Wọ́n á gbé e sínú ìwé ìròyìn, wọ́n á lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri, dókítà á sì ti sọ ohun tó pa á. Bí mẹ́sẹ́ńjà bá kú ní ẹni àádọ́ta ọdún, "àìsàn ráńpẹ́" ni wọ́n máa ń pè é, tàbí kí wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ta ló wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí? Ẹni tó ní dókítà ni àìsàn rẹ̀ máa ń ní orúkọ.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti gbé ìgbàgbọ́ yìí ró rí. Ní 1958, Joseph Brady àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà de àwọn ọ̀bọ mọ́ àga ní méjìméjì. Iná mànàmáná á máa ta àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní ohun kan níwájú tó lè tẹ̀ kí iná náà má baà wá. Èkejì kò ní nǹkan kan lọ́wọ́: ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ bá fà ló máa bá a. Èyí tó ń tẹ nǹkan ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá. Àwọn ọ̀bọ ọ̀gá yìí ló ní ọgbẹ́ inú tí wọ́n sì kú, àwọn kejì wọn kò ní i. Ìròyìn náà tàn káàkiri, ó sì wọ ọ̀pọ̀ ọ̀gá létí, torí ta ni kò ní fẹ́ gbọ́ pé ẹrù tí òun ń rù ló wúwo jù?

Àṣé bí wọ́n ṣe yan àwọn ọ̀bọ náà ni àléébù wà. Ọ̀bọ mẹ́jọ péré ni gbogbo wọn, wọn ò sì ṣẹ́ kèké. Èyí tó ń yára tẹ nǹkan jù nígbà tí wọ́n dán wọn wò ni wọ́n fi joyè ọ̀gá, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn tí ara wọn kì í balẹ̀ látilẹ̀ ni wọ́n ṣà jọ sí apá kan. Nígbà tó yá, Jay Weiss fi eku ṣe irú ìdánwò yìí, ó sì pín wọn láìṣojúsàájú. Èsì rẹ̀ yí padà bìrí. Eku tó lè ṣe nǹkan sí ìyà tó ń jẹ ẹ́ ni ọgbẹ́ inú rẹ̀ kéré. Èyí tí kò lè ṣe ohunkóhun, tó kàn ń retí ìgbà tí iná máa tún ta á, ni inú rẹ̀ bàjẹ́ jù.

Àmọ́ eku kì í ṣe ènìyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká lọ sí London.

Whitehall ni àdúgbò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ sí. Láti 1967 ni wọ́n ti ń yẹ ara àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ wò, wọ́n lé ní 17,000, wọ́n sì ń tẹ̀lé wọn láti mọ ẹni tó kú àti ohun tó pa á. Ìwádìí yìí dára torí pé gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló ń gba owó oṣù. Kò sí awakùsà nínú wọn, ebi kò sì pa ẹnikẹ́ni kú. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń tọ́jú gbogbo wọn nílé ìwòsàn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ipò lọ: àwọn ọ̀gá àgbà lókè, àwọn òṣìṣẹ́ onímọ̀ tẹ̀lé wọn, lẹ́yìn wọn àwọn akọ̀wé, tí àwọn mẹ́sẹ́ńjà àti aṣọ́nà sì wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí Michael Marmot, Geoffrey Rose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé èsì jáde ní 1978, ewu kí àìsàn ọkàn pa àwọn tó wà nísàlẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọ̀gá àgbà lọ. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá tí gbogbo ayé ń sọ pé ìrònú fẹ́ pa ni àìsàn ọkàn ń pa kéré jù.

Ohun tó mú mi jókòó ronú kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ẹni tó wà ní ipò kejì, tó kàwé, tó nílé, tó ní mọ́tò, tí a kò lè pè ní tálákà níbikíbi, ikú rẹ̀ ṣì yá ju ti ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀ lọ. Akọ̀wé tún burú ju tiẹ̀ lọ. Bí àtẹ̀gùn ló rí: bí o ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ewu ń pọ̀ sí i, kò sí ibì kan tí a lè fi ọwọ́ lé pé ibí ni ìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibí ni ìdẹ̀ra wà.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ: "Sìgá ni wọ́n ń mu." Òótọ́ ni pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń mu sìgá ju àwọn ọ̀gá lọ. Àwọn olùwádìí náà sì ro ti sìgá, ti ìfúnpá, ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò ṣàlàyé tó ìdajì ìyàtọ̀ náà. Láàárín àwọn tí kò fẹnu kan sìgá rí pàápàá, mẹ́sẹ́ńjà ṣì ń kú ṣáájú ọ̀gá.

Kí ló wá kù? Ìyẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kejì ní 1985. Ó lé ní 10,000 ènìyàn, tọkùnrin tobìnrin lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè tó jọ pé kò tó nǹkan: ṣé o lè pinnu ìgbà tí wàá sinmi díẹ̀? Ṣé o ní ẹnu nínú bí wàá ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ? Nígbà tí èsì dé ní 1997, nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, àìní àṣẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni ló ṣàlàyé ìyàtọ̀ ipò jù. Iṣẹ́ ọ̀gá pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun ló ń sọ pé ká sún ìpàdé síwájú, òun ló lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́rí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó ń jẹ ara run ni kí iṣẹ́ pọ̀ kó má sì sí ohun tó o lè pinnu nínú rẹ̀.

Wọ́n tún rí nǹkan kan tó hàn kedere lára. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá àwọn òṣìṣẹ́ yìí lẹ́nu iṣẹ́, ti ọ̀gá àti ti ọmọ abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ilé ni ìyàtọ̀ ti jáde. Ti ọ̀gá wálẹ̀ dáadáa bó ṣe délé, ti ẹni ìsàlẹ̀ kò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ní kò ní ohun tó ń rò, ara rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru.

Irọ́ kejì wà tó máa ń tẹ̀lé èyí, pé òṣìṣẹ́ kékeré ló ń fi àìsàn bojú kó má baà wá síbi iṣẹ́. Ní Whitehall, àwọn ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ gba ìsinmi àìsàn ní ìlọ́po mẹ́fà ti àwọn tó wà lókè. Àwọn tí dókítà ń kọ̀wé ìsinmi gígùn fún léraléra sì ni ikú wọn yá jù nígbà tó yá. Ṣé ọ̀lẹ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní London, iṣẹ́ kéà, ìyẹn títọ́jú arúgbó àti aláìsàn, iṣẹ́ sìkiọ́rítì àti fífọ ọ́fíìsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kódà àwọn tó ti ṣe ọ̀gá nílé. Ẹ wo ọjọ́ kan nínú ayé kéà tó ń lọ láti ilé dé ilé. Fóònù ló ń sọ ilé tó kàn fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún un nínú àwọn ilé mìíràn, nínú ìwọ̀nba àkókò yẹn ló máa gbé arúgbó dìde, nu ara rẹ̀, fún un ní oògùn. Bí bọ́ọ̀sì bá pẹ́, ẹjọ́ rẹ̀ ni. Bí kò bá sí ṣíìfù lọ́sẹ̀ yìí, kò sí owó, torí ìwé iṣẹ́ tí kò ṣèlérí wákàtí kankan ló fọwọ́ sí. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin ilẹ̀ náà fi sọ pé kò sí owó àìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà tí Kòrónà dé, sìkiọ́rítì, awakọ̀ takisí àti kéà wà lára àwọn ọkùnrin tí àrùn náà pa jù níbẹ̀. Ọ̀gá wọn wà nílé, wọ́n ń ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà.

Mi ò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ọ̀gá. Ó ń ṣe wọ́n, kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Mi ò sì sọ pé gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ di ọ̀gá kí wọ́n tó lè pẹ́ láyé. Nínú ìwádìí kejì yẹn náà, àwọn ọkùnrin tí wọ́n sọ pé ọ̀gá àwọn ń ṣe ẹ̀tọ́ sí àwọn, tó ń gbọ́ tẹnu àwọn, tó ń ṣàlàyé ìpinnu rẹ̀ fún àwọn, ewu àìsàn ọkàn wọn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti àwọn yòókù.

Ikú sì kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní 2010, Marmot kọ ìròyìn kan fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi hàn pé àwọn tó ń gbé àdúgbò tálákà jù ń fi ọdún méje kú ṣáájú àwọn tó ń gbé àdúgbò olówó jù. Ṣùgbọ́n tó bá di iye ọdún tí ènìyàn fi ń gbé láìní ìpèníjà ara, ọdún mẹ́tàdínlógún ni ìyàtọ̀ náà. Ẹsẹ̀ ti ń dun ẹni yẹn, ẹ̀yìn kò gbà kó bẹ̀rẹ̀ mọ́, ìmí ń já lórí àtẹ̀gùn, ó sì ní láti jí ní aago mẹ́rin lọ fọ ọ́fíìsì, torí kò tíì tó ẹni tí ìjọba máa fún lówó ìfẹ̀yìntì. Nígbà yẹn, wọ́n ti ń gbèrò pé kí ọjọ́ orí owó náà di 68. Ìròyìn yẹn sọ fún wọn pé ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ará ìlú lọ tí kò ní dé ọjọ́ orí yẹn láìní ìpèníjà ara. Ó ti kúrò ní 65, ó ti di 66, ó sì ń lọ sí 67 báyìí, bákan náà fún ọ̀gá àti fún ẹni tó ń fọ ọ́fíìsì rẹ̀.