Wọ́n Sùn, Wọ́n Jí, Wọ́n Ní Klásíìkì Ni

Ẹ gbọ́ o, fàájì tuntun ti wọ Èkó. Kì í ṣe òwàǹbẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán Sọ́ńdè tí wọ́n ń pè ní brunch, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ òtútù dúdú tó bo ọrùn nínú ooru oṣù kẹta, tó gbé báàgì aṣọ funfun kọ́ èjìká, tó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n tí ò tíì hù tán, ẹ má wulẹ̀ bi í pé kí ló ń ṣe é. Fíìmù àtijọ́ ló ń lọ wò. Àwọn ni mo sọ ní Oníklásíìkì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á pe ara wọn jọ sí fúláàtì ẹnì kan ní Yaba, tàbí kí wọ́n háyà orí òrùlé ilé kan ní Ikoyi, wọ́n á ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n á tan projector, wọ́n á gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín. Gúgúrú wà níbẹ̀ o. Gúgúrú tí ìyá kan ń bù pẹ̀lú ẹ̀pà fún yín ní Ojúẹlẹ́gba, tó tún máa fi èènì sí i, àwọn ti dà á sínú páálí aláràbarà, wọ́n ní popcorn ni, iye tí wọ́n wá ń tà á, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é ẹ má bi mí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wọn á dìde, á kọ́kọ́ wúkọ́, á ní ìbéèrè alẹ́ òní ni pé fíìmù yìí tó ti pẹ́ tó báyìí, ṣé ó ṣì dùn ún wò, àbí ó ti ṣá? Gbogbo wọn á mi orí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí káàkiri, mi ò tíì gbọ́ ọ kí ìdáhùn ẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ṣá. Wọ́n ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé kóòtù.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni 2001: A Space Odyssey. Stanley Kubrick ló ṣe é, òun àti Arthur C. Clarke ni wọ́n jọ kọ ọ́, oṣù kẹrin ọdún 1968 ló jáde. Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra ẹ̀ ò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà yẹn, ogun Biafra ń jà lọ́wọ́, ẹ̀dá kankan ò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un, mo gbà. Kí ló wá wà nínú ẹ̀? Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Àní ọ̀bọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lẹ máa fi jókòó kẹ́nì kan tó la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀bọ á fò, ọ̀bọ á gbó, ọ̀bọ á mu omi, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn á mú eegun, á fi lu ẹnì kejì ẹ̀ pa, á sọ eegun sókè, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú eegun ti di ọkọ̀ ojú òfurufú, ọdún mílíọ̀nù mélòó kan ti fò kọjá. Ibẹ̀ yẹn dáa, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó tí ò lè fara da ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lórí YouTube, tó máa ń na ìka sílẹ̀ de Skip, òun ló wá ń sọ fún mi pé òun gbádùn bí fíìmù yẹn ṣe ń rọra lọ.

Wọ́n ní Áfríkà ni ìtàn ọ̀bọ yẹn ti ṣẹlẹ̀. Áfríkà wo? Wọ́n rán àwọn èèyàn lọ ya fọ́tò aṣálẹ̀ wá láti Nàmíbíà ni, wọ́n wá tan fọ́tò yẹn sẹ́yìn àwọn òṣèré tó wọ awọ ọ̀bọ ní sítúdíò kan lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Bíírò kan tún wà tó ń léfòó nínú ọkọ̀ òfurufú, obìnrin òṣìṣẹ́ ọkọ̀ á rọra wá já a lójú afẹ́fẹ́. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n lẹ bíírò mọ́ dígí ńlá kan, wọ́n ń yí dígí, ó tán. Ọgbọ́n ni, mo kan sáárá sí wọn. Àmọ́ ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún bíírò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ dígí yìí kan náà, tí màmá ẹ̀ bá tan fíìmù Yorùbá sílẹ̀ ní pálọ̀, tí babaláwo na ìka tí iná jáde níbẹ̀, ẹ̀rín ló máa rín títí tí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀, á ní 'Mummy, ẹ wo effect wọn.' Hubert Ogunde gbé Aiyé jáde ní 1979, ọdún 11 péré lẹ́yìn ti Kubrick, Ola Balogun ló darí ẹ̀, àwọn àgbà tó wò ó lọ́mọdé máa sọ fún yín bí wọ́n ṣe sáré relé lálẹ́ ọjọ́ yẹn nítorí àjẹ́. Mi ò tíì rí Oníklásíìkì kan tó háyà orí òrùlé nítorí ìyẹn, kó wúkọ́, kó bi wá bóyá ó ti ṣá.

Ẹ jẹ́ ká má ba tibẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti máa ń dá mi lára yá jù ni tí wọ́n bá dé orí pé Kubrick ríran. Wọ́n á nàka sí pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn inú ọkọ̀ fi ń wo tẹlifíṣọ̀n níbi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n á ní tablet nìyẹn, ní 1968! Ó jọ ọ́ lóòótọ́, Samsung tiẹ̀ gbé àwòrán ẹ̀ lọ kóòtù ní 2011 nígbà tí òun àti Apple ń fà á lórí iPad. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ọkọ̀ ta ló ń kó èrò lọ sójú òfurufú nínú fíìmù ọ̀hún. Pan Am ni, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà kan. Pan Am tó ti kógbá sílé láti 1991. Ilé-iṣẹ́ yẹn ti fìgbà kan kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ lọ sóṣùpá sílẹ̀, kì í ṣe nínú fíìmù o, lójúkojú báyìí, orúkọ tó lé ní 90,000 ni wọ́n gbà, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe Èkó ni wọ́n ti ṣe é. Ká ní ibí ni, ajẹ́ńtì á ti gba ìdajì owó lọ́wọ́ yín, á ti ní físà òṣùpá ti wà lọ́nà, ó ku tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ tún wá nǹkan díẹ̀ sí i.

Ọkùnrin kan tún wà nínú ẹ̀, 2001 ni wọ́n pe ọdún yẹn, ó jókòó sójú òfurufú lọ́hùn-ún, ó pe ọmọ ẹ̀ obìnrin lórí fóònù, wọ́n ń wo ojú ara wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀rọ ní dọ́là kan àti sẹ́ńtì 70 lowó ẹ̀. Áà. Èmi rántí 2001 tiwa dáadáa. Ọdún tí GSM wọ Nàìjíríà nìyẹn, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí èèyàn náírà 50 yín ti lọ, ẹni tó bá ní fóònù á fi kọ́ bẹ́líìtì kí gbogbo àdúgbò lè rí i, ẹni tí ò bá lówó káàdì á fláàṣì yín, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbé e, torí tẹ́ ẹ bá fi lè gbé e, ọ̀tá lẹ dà títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ inú fíìmù yẹn, ọmọ Kubrick fúnra ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, bàbá bi í pé kí ló fẹ́ fún ọjọ́ìbí ẹ̀, ó ní bush baby. Bí ẹnì kan ṣe pariwo látẹ̀yìn nínú fúláàtì Yaba lọ́jọ́ yẹn nìyẹn pé 'Egbére kẹ̀! Ṣé ẹní ẹ̀ wà lára owó ẹ̀ àbí ẹní á wà lọ́tọ̀?' Wọ́n kọjú sí i, wọ́n ń pòṣé. Èmi gbà pé òun nìkan ni kò sùn.

Wọ́n ń sùn, ẹ ò gbàgbọ́? Ẹ dúró tí wọn, ẹ máa wò wọ́n. Tó bá ti dé ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń rọra jó waltz kiri, orí á máa ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin Strauss yẹn dùn, oorun sì wà nínú ẹ̀. Ẹlòmíì gbọ́n o, kò wá rárá, fóònù ẹ̀ ló fi wò ó nínú BRT, ó sáré e sí ìlọ́po kan ààbọ̀, fíìmù tí wọ́n yà fún ògiri sinimá tó gbòòrò ju ilé ẹ̀ lọ, ó wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń jẹ gàlà. Òun náà kọ ọ́ sí status pé ojú òun ti là.

Kí n sọ èyí tí wọn ò fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn tí fíìmù yẹn jáde, àwọn kan dìde kúrò ní sinimá kó tó parí, Kubrick fúnra ẹ̀ sì jókòó, ó gé ìṣẹ́jú 19 kúrò nínú ẹ̀. Ẹni tó ni nǹkan ẹ̀ gbà pé ó gùn. Ẹ lọ sọ ọ́ ní Yaba pé ó gùn, kẹ́ ẹ rí i bí wọ́n ṣe máa wò yín, wọ́n á ní ó kàn ga ju yín lọ ni, ẹ tún padà wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti Alhaja. Alhaja tó ni ilé yẹn, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n, wọ́n wọlé wá lọ́jọ́ tí mò ń wí torí jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní aago ti ń lọ, kí wọ́n pa á. Ọ̀gá àwọn Oníklásíìkì dọ̀bálẹ̀, 'Ẹ jọ̀ọ́ Alhaja, ó ku díẹ̀ ma, ẹ jókòó ẹ bá wa wò ó ma.' Wọ́n jókòó. Ibi tí wọ́n bá a dé ni ọ̀rọ̀ HAL 9000, kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀, tó jẹ́ pé ojú pupa kan ṣoṣo ló ní, ohùn ẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Dave, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ ọ̀hún, wà níta, ó ní kó ṣílẹ̀kùn, HAL ní kó má bínú, òun ò ní lè ṣe é. Alhaja ní, 'Ẹ̀rọ báńkì tèmi rèé. Bó ṣe máa ń tọrọ àforíjì náà nìyẹn, kò sì ní fún ẹ lówó.'

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń sùn jí. Alhaja wá ní kí ló dé tí HAL fi ń pa àwọn inú ọkọ̀? Ọ̀gá wọn tún aṣọ ọrùn ẹ̀ ṣe, ó ní 'Alhaja, ẹ wò ó ma, metaphor ni, fún bí ẹ̀dá àti technology ṣe...' Alhaja dá a dúró. 'Mi ò bi ọ́ nìyẹn. Ṣé àṣírí kan wà tí wọ́n ní kó má sọ ni?' Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kò pẹ́ sí i, Dave wọnú yàrá kékeré pupa kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọpọlọ HAL lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ó ń kọrin bí ohùn ẹ̀ ṣe ń wálẹ̀, Alhaja ń ṣe 'hùn ùn, ẹ ò rí i, ó ń bẹ̀ ẹ́ o.' Bó ṣe parí ni fídíò kan tàn fúnra ẹ̀ nínú ọkọ̀, ọkùnrin kan jáde níbẹ̀, ó ní HAL nìkan ló ti mọ ìdí tí wọ́n fi rán ọkọ̀ yẹn jáde láti ọjọ́ yìí, wọn ò sọ fún Dave àtẹnì kejì ẹ̀.

Alhaja ní, 'Mo sọ fún yín. Ẹ fún un láṣírí, ẹ tún ní kó má ṣàṣìṣe, orí ẹ̀ ò ní dàrú? Mo bá olóṣèlú ṣiṣẹ́ rí, mo mọ ohun tí mò ń sọ.'

Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan lórí HAL, díẹ̀ ló tó èyí. Ẹnì kan ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù bí Alhaja ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, ó ti wà lórí Instagram, ó ti di Òyìnbó, orúkọ tiẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Alhaja ò wò ó tán ṣá. Nígbà tí iná aláwọ̀ mèremère bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ lójú Dave, wọ́n ní 'iná dísíkò lèyí,' wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá bi èmi, kò tíì ṣá. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ya àwọn ọkọ̀ yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi kan wọ́n, Oscar kan ṣoṣo tí Kubrick sì gbà láyé ẹ̀, iṣẹ́ àrà inú fíìmù yìí ló gbà á fún. Ẹ̀ẹ̀kan ẹ máa rí ọkùnrin kan lójú òfurufú, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan àfi èémí ẹ̀, ó ń mí sínú, ó ń mí síta, àyà yín á máa já. Apá ìparí, tí Dave ti di arúgbó nínú yàrá funfun tó wá di ọmọ tuntun, ìyẹn ò yé mi. Kò yé àwọn Oníklásíìkì náà, owó tí wọ́n san ni wọn ò fẹ́ kó ṣòfò.

Wọ́n ti lẹ ti oṣù tó ń bọ̀ síta. Solaris ni, Andrei Tarkovsky ló ṣe é ní Rọ́ṣíà ní 1972, ó lé ní wákàtí méjì ààbọ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mọ́tò kan kàn ń lọ lórí afárá àti títì Tokyo, bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó jà, mọ́tò ṣáá ni, ó wọ abẹ́ ilẹ̀, ó jáde, ó tún ń lọ. Ẹni tó fi wákàtí méjì jókòó sínú gósílóò Lekki, tó tún há sórí Third Mainland, òun ló máa wá sanwó kó lè wo mọ́tò. Mo gbọ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì ti ń tán lọ, àwọn ará Ajah ló rà á jù.