Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró kì í kó jọ sínú ilé ọmọ

Ọjọ́ Ajé kan ni obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà wọlé tọ̀ mí wá níbi iṣẹ́. Ó jókòó, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó máa lanu, ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, oyún tún ti dé." Àbíkẹ́yìn rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì. Oṣù mẹ́jọ ṣáájú ìgbà náà ni èmi fúnra mi kó oògùn oníhóró lé e lọ́wọ́, mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó sì tún un sọ fún mi lẹ́sẹẹsẹ.

Mo bi í bó ṣe ń lò ó. Ó ní ojoojúmọ́ ni, àfi pé bí oṣù mẹ́ta bá ti pé, òun máa ń dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ara lè sinmi, kí èyí tó ti kó jọ sínú lè ṣàn dànù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ. Wọ́n ní hóró tí èèyàn ń gbé mì lójoojúmọ́ ń lọ jókòó sí ilé ọmọ, bó bá sì ti pọ̀ jù níbẹ̀, ó parí, obìnrin náà kò ní bímọ mọ́.

Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n n kò lè bá a wí. Ọ̀rọ̀ yìí wà káàkiri Ìbàdàn. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Mọ́kọ́lá, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta oògùn náà gan-an ní kẹ́míìsì.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé hóró kan ṣoṣo, ká wo ibi tó ń lọ. Ó gba ọ̀fun kọjá, ó dé inú agbẹ̀du, ó yọ́ bí Panadol ṣe ń yọ́. Ọ̀nà oúnjẹ kò já sí ilé ọmọ níbì kankan, nítorí náà kò sí bí hóró ṣe lè rìn débẹ̀. Èròjà méjì tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n jọ hòmóònù tí ara obìnrin ń ṣe fúnra rẹ̀, bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kó má jẹ́ kí ilé ẹyin tú ẹyin sílẹ̀ lóṣù yìí, wọ́n á sì mú kí omi ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ki, kí àtọ̀ má lè kọjá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dọ̀ á fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, a ó sì fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ gbé wọn jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí obìnrin bá dá a dúró, wọ́n ti kúrò lára rẹ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà kéré débi tó ya èèyàn lẹ́nu. Nínú irú tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ́sítírójìn jẹ́ máíkírógíráàmù 30, èròjà kejì, levonorgestrel, sì jẹ́ 150. Mo jókòó ṣírò rẹ̀ nígbà kan: gbogbo èyí tí obìnrin máa gbé mì láàárín ọdún kan, bí a bá pa á pọ̀, kò pé ìdá kan nínú ogún ti gíráàmù kan ṣoṣo. Kí ló fẹ́ kó jọ níbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyí. Torí pé oògùn yìí kì í pẹ́ lára la ṣe ń sọ pé kí ẹ lò ó lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ní kí ara fi sinmi yẹn, ẹyin ni ilé ẹyin fi ń pọ́n. Nínú obìnrin 100 tó bá lò ó fún ọdún kan láìpa ọjọ́ kan jẹ, ẹni tó máa lóyún kò pé ẹyọ kan. Bí àwa èèyàn ṣe ń lò ó lóòótọ́, tí a ń gbàgbé, tí a ń dá a dúró, nǹkan bí 7 nínú 100 ló ń lóyún. Obìnrin ẹlẹ́lùbọ́ yìí wà lára wọn, oyún rẹ̀ sì fi hàn pé oògùn náà kò ba nǹkan kan jẹ́.

Níbo ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá? Mo rò pé abẹ́rẹ́ ló fà á. Abẹ́rẹ́ ìfètò olóṣù mẹ́ta máa ń pẹ́ kó tó kúrò lára lóòótọ́. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n gbà kẹ́yìn, ó lè tó bí oṣù mẹ́wàá kí oyún tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò dé. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́: "ìfètò." Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gba abẹ́rẹ́, wọ́n á kà á sí ẹni tó lo hóró lọ́rùn.

Àwọn míì wà tí oyún kò dé fún lóòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo hóró. Ẹ bá mi wádìí wọn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àrùn ìbálòpọ̀ tí wọn kò tọ́jú ló ti di ojú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà pa, tàbí kó jẹ́ ìṣẹ́yún lọ́wọ́ ẹni tí kò mọṣẹ́, tàbí ọjọ́ orí. Tàbí kó jẹ́ ọkọ. Mo ti rí ìyàwó tí wọ́n fi oògùn tó lò nígbà tó wà ní yunifásítì bú fún ọdún mẹ́rin, tí ọkọ kò sì lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ń bí mi nínú.

Bó ṣe yẹ kí ẹ lò ó rèé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ nǹkan oṣù, ó ti ń dáàbò bò yín lójú ẹsẹ̀. Bí ọjọ́ márùn-ún bá ti kọjá, ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọjọ́ méje. Ẹ mú àkókò kan: lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, tàbí nígbà tí ẹ bá ń fọ ẹnu. Nínú sáṣẹ́ẹ̀tì oníhóró 28, 21 ló ní èròjà. Méje tó kù, tó sábà máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀, kò ní in, kí ẹ má baà gbàgbé ìṣirò ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé ẹyọ kan, ẹ lò ó bí ẹ bá ṣe rántí, bó tilẹ̀ di méjì lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ lo èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn tí ẹ gbàgbé, ẹ máa bá a lọ, kí ẹ sì fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọjọ́ méje. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn wárápá kan máa ń dín agbára rẹ̀ kù, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí ẹ bá ń lò wọ́n. Kì í dènà àrùn ìbálòpọ̀.

Ewu wà nínú rẹ̀, mi ò ní tan yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ilé ọmọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ti lé ní ọdún 35 tó ń mu sìgá, ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń ṣe wìrìwìrì kí orí fífọ́ tó gbé e, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lára rẹ̀ rí, àti ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọyàn. Ìyá tó ń fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lọ́yàn náà, irú mìíràn ló tọ́ sí i. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dùn, bí àyà bá ń dun èèyàn, bí èémí kò bá já gaara, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Obìnrin ẹlẹ́lùbọ́ bi mí bóyá àwọn hóró tó lò lórí oyún náà máa pa ọmọ lára. Mo ní rárá, mo sì ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó mú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wá. Wọ́n ní kí n tún àlàyé hóró tó ń yọ́ nínú agbẹ̀du yẹn ṣe létí àwọn. Mo ṣe é. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì fa sáṣẹ́ẹ̀tì tiwọn náà yọ nínú báàgì, èyí tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì láti ọdún mẹ́fà. Mo wọn ìfúnpá wọn: 160 lórí 100, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n fún wọn rí.