Ẹni tó kàwé láti ilé, ṣé òun náà lọ yunifásítì?

Ẹ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta káàdì níwájú géètì yunifásítì LAUTECH, kí ẹ ní ọmọ yín ń kàwé lórí fóònù. Kíá ni wọn yóò bi yín pé, "Ìyẹn náà níwèé?" Ọ̀pọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí gbà pé ẹni tí kò bá háyà yàrá ládùúgbò Under-G, tí kò du àga jókòó ní kíláàsì, tí ìyanṣẹ́lódì ASUU kò sì dá dúró rí, kò tíì lọ yunifásítì. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ àtòkèèrè, àbọ̀ ìwé ẹ̀rí ni.

Ó dáa. Báwo wá ni Awólọ́wọ̀ ṣe gba dìgírì rẹ̀ àkọ́kọ́? Lọ́dún 1944 tó gba BCom, kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. 1948 ni ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Nílé níbí ló wà, láàárín òwò àti ìṣèlú, tó ń dá ìwé kà, tó sì ṣe ìdánwò Yunifásítì London. Láti 1858 ni London ti ṣílẹ̀kùn ìdánwò rẹ̀ fún ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì wọn. Èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní Ìbàdàn, tí gbogbo ayé ń wárí fún, dìgírì London yẹn náà ni wọ́n gbà, títí ilé ìwé náà fi dá dúró ní 1962. Ẹni tó gbé ọgbà àti ẹni tó gbélé, òǹtẹ̀ kan náà ni wọ́n lù fún wọn. Ẹni tó gbélé yìí ló wá sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, tí ìjọba rẹ̀ sì dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní 1959, tí ẹ̀kọ́ sì wà lára ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀.

Ti Afẹ́ Babalọ́lá, àgbà agbẹjọ́rò nì, tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rí ilé ìwé girama wọ̀, ó dá ìwé kà títí ó fi gba BSc ti London. Lónìí, òun ló dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yìí ní orírun o, mi ò jiyàn. Ní 1983 ni ìjọba dá NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àtòkèèrè, sílẹ̀; nígbà tó di April 1984, ìjọba ológun Buhari ti tì í pa. Ọbásanjọ́ ló jí i dìde nígbà tó di ààrẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbémiró Jégédé sì di ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn àjíǹde ọ̀hún. Òun ti bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ní Hong Kong. Síbẹ̀, fún ọdún mélòó kan, àwọn tó ka òfin níbẹ̀ kò rí Law School wọ̀, ilé ìwé tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó di agbẹjọ́rò. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu ti ń kùn. December 2018 ni wọ́n tún òfin NOUN ṣe kí ọ̀nà lè là fún wọn, Buhari ló sì buwọ́ lù ú (ẹ rántí ẹni tó tì í). Ní January ọdún náà, Ọbásanjọ́ ti gba PhD níbẹ̀, lẹ́ni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Wọ́n tún máa ń sọ pé wọ́n kàn ń ti orí bẹ́ẹ̀dì ṣèdánwò ni. Rárá. Ilé ni akẹ́kọ̀ọ́ NOUN ti ń kàwé, àmọ́ ibùdó wọn ló ti ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, tí wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. Ìwé kọ́ọ̀sì wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tí n kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè kà á. LAUTECH tí a fi ń ṣe àpèjúwe fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àtòkèèrè. Ayédèrú wà lóòótọ́, kódà láàárín àwọn tó ní ọgbà àti géètì, nítorí náà orúkọ tí NUC, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn yunifásítì, fọwọ́ sí ni kí ẹ wò.

Ibi tó le wà o, àmọ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń nawọ́ sí. Ẹni tó ń ránṣọ ní Tákíé, tí NEPA ti mú iná lọ láti àárọ̀, fóònù rẹ̀ lè kú sí àárín ẹ̀kọ́. Kò sì sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló dé tí kò wá sí kíláàsì. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń já sọ́nà. Bí àbúrò mi bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, màá ní kó tètè dáńlóòdù gbogbo ìwé náà, kó sì wá ẹni méjì tó ń ka kọ́ọ̀sì kan náà, kí wọ́n máa pàdé ní ọjọ́ Sátidé.