Àwòrán orí àpò yẹn kì í ṣe àwòkọ

Ẹnì kan tún ti gbé e dé. Ó fi àwòrán Mariana, ọbabìnrin Sípéènì, tí Manolo Valdés yà sórí àpò ìdọ̀họ hàn, ó ní Velázquez, ayàwòrán Sípéènì ayé àtijọ́, ló ni iṣẹ́, eléyìí kàn wò ó yà, ó wá lẹ àkísà mọ́ ọn. Àwọn èèyàn sì ń sọ pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ká tètè mú ti àwòkọ kúrò nílẹ̀. Nígbà tí Rubens, ayàwòrán ńlá ayé àtijọ́, wà ní Madrid ní 1628 sí 1629, ó jókòó ti Ádámù àti Éfà tí Titian yà, ó ya tirẹ̀. Méjèèjì wà ní Prado, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Madrid, kò sẹ́ni tó pe Rubens lólè. Ní 1957, Las Meninas tí Velázquez yà ní 1656 ni Picasso gbé kalẹ̀, tó ń ya tirẹ̀ láti ara rẹ̀ léraléra. 58 àwòrán ló wà nínú ọ̀wọ́ náà, Barcelona ni wọ́n wà. Valdés, ọmọ Valencia tí wọ́n bí ní 1942, ọ̀nà tó ti wà nílẹ̀ ló tọ̀.

Àkísà tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìdọ̀họ, irú èyí tí a ń kó kòkó sí, kì í gba ọ̀dà bí kánfáàsì. Tí o bá fi ọ̀dà olóròóró kàn án lásán, òróró náà á jẹ okùn rẹ̀, á pọ́n, á gbẹ ganrangan, á sì máa já. Nítorí náà, tí o bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kọ́kọ́ rán gbogbo ègé àpò náà pọ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àpò. Rẹ ẹ́ sómi, jẹ́ kó gbẹ kó súnkì tán, kó o tó nà án sórí férémù. Ẹni tó bá rán an lẹ́yìn tó ti fi gúlù sí i, abẹ́rẹ́ á máa já okùn náà ni. Lórí férémù ni gúlù awọ ẹran ti kàn, kí òróró má bàa kan okùn: bíi gíráàmù 70 sí lítà omi kan; gbóná ni kó o lò ó, má jẹ́ kó hó, torí híhó ń pa agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni jẹ́sò, ìpìlẹ̀ funfun tí à ń kùn kí ọ̀dà tó dé, ẹ̀ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ki, kó o fi ọ̀bẹ ọ̀dà tẹ̀ ẹ́ wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gba ihò jò sẹ́yìn. Ọ̀dà tó bá nípọn tó ìka ọwọ́ á yọ awọ lókè láàárín ọjọ́ mélòó kan, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀ fún oṣù púpọ̀. Tí o bá gbé e dúró kíákíá, gbogbo rẹ̀ á ṣàn wálẹ̀. Má sì fi ákírílíìkì, ọ̀dà olómi, lé ọ̀dà olóròóró lórí láé, bíbó ló máa bó.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé Velázquez fúnra rẹ̀ ló ṣí ọ̀nà yìí. Sún mọ́ aṣọ Mariana ní Prado: fàdákà tó ń dán lókèèrè, ọ̀dà funfun àti eléérú tó kàn fò kiri ni nígbà tó o bá débẹ̀. Valdés mú ìfò yẹn, ó sọ ọ́ di àpò tí a rán pọ̀ àti ọ̀dà líle. Irun tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ àti yẹ̀rì gbàgàdà nìkan tó fún ojú láti mọ obìnrin náà.

Mo gbà pé ó ti ya Mariana náà lọ́pọ̀ ìgbà débi pé àwọn kan nínú wọn ò ní ohun tuntun. Ìyẹn ò sọ ọ́ di àwòkọ.